Alágbàtọ́ Alákòóso Àgbà

Ẹni tó bá fẹ́ wo bí Olóyè Ọ̀mọ̀wé Adéòjó Mojúbàolú ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí, nítorí kì í ṣe nǹkan tó ń tètè parí. Jíìpù dúdú náà yóò dúró. Kò sẹ́ni tí yóò mira. Lẹ́yìn náà ni Bàdírù, akọ̀wé rẹ̀, yóò bẹ́ sílẹ̀ níwájú, yóò sáré yí ẹ̀yìn ọkọ̀ po, yóò ṣílẹ̀kùn, yóò sì fọwọ́ bo etí òrùlé kí fìlà ọ̀gá má baà kàn án. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò jáde, yóò sinmi díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yóò tẹ̀ lé e. Bàdírù yóò ká agbádá sí èjìká ọ̀tún, yóò ká a sí èjìká òsì, yóò gba báàgì, yóò gba fóònù, yóò gba awò ojú, yóò wá kéde pé, "Alákòóso Àgbà ti dé o." Ìgbà yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún tó ti tò sórí ìlà láti aago méje yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, inú òjò náà ni wọn yóò ti pa á.

Ọdún 2006 là ń wí yìí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, kéèyàn tó dé Agbówà. Wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn kì í yára gbá nǹkan mú bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ẹlòmíràn ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn lè kọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kò sì ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà títí wọn yóò fi lè máa dá ìgbésí ayé wọn gbé, kí wọ́n ríṣẹ́, kí wọ́n lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "kí wọ́n lọ" yẹn sọ́kàn, nítorí láàárín ọdún mẹ́rin tí Olóyè ti fi jókòó lé àga náà, ẹyọ ẹnì kan kò tíì lọ.

Bí wọ́n bá lọ, ta ni yóò máa pàtẹ́wọ́? Olóyè kò ní sọ ọ́ báyẹn. Ohun tó máa ń sọ fún àlejò ni pé, "Àwọn ọmọ mi wọ̀nyí, èmi ni ojú wọn, èmi ni ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n gbé."

Bàdírù yóò gbè é pé, "Wọ́n gbé pátápátá, sà."

Èyí tó kéré jù nínú "àwọn ọmọ" náà jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Èyí tó dàgbà jù ti ń hu ewú nírùngbọ̀n.

Ẹ má bi mí bí Olóyè ṣe dé ipò. Ó bá àwọn kan rìn nígbà ìdìbò, wọ́n sì fi àga san án fún un, bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Yunifásítì tó fún un ní oyè Ọ̀mọ̀wé, orí lẹ́tà nìkan ni mo ti rí i. N kò tíì pàdé ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Oyè méje ló ń jẹ́ lápapọ̀: Olóyè, Ọ̀mọ̀wé, Alákòóso Àgbà, Baba Aláàánú, Ìmọ́lẹ̀ Agbówà, Òpómúléró Ẹ̀kọ́, àti Atọ́nà Gbogbo Gbòò. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, kó padà sẹ́yìn kó bẹ̀rẹ̀ láti orí Olóyè.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an ni Títílọpẹ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà Títí. Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn rọrùn láti sọ, ó nira láti ṣe. Yóò gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu àsáró, yóò ya àwòrán gígé kọ̀ọ̀kan sórí páálí, yóò fi okùn so àwọn páálí náà pọ̀. Páálí mẹ́sàn-án ni fún títan sítóòfù. Méje ni fún sísọdá títì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò máa ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo tí Tíṣà Títí ṣe fún ẹni tó bá dúró tì wọ́n ni pé, "Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ dúró. Ẹ bi í pé, kí ló kàn?" Bí ọmọ náà bá fi wákàtí kan de bọ́tìnì ẹyọ kan, wákàtí kan náà ni tíṣà yóò fi dúró.

Iṣẹ́ mẹ́wàá ló wà. Ẹni tó bá ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yege, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́nu géètì, òun sì lè dá jáde, kó dá wọlé. Tíṣà Títí ní ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kò lè kọ́ni ní nǹkan náà, nítorí náà gbogbo òṣìṣẹ́ ló ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá ọ̀hún: kúùkù, dírẹ́bà, títí kan Bàdírù. Ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún Ìmọ́lẹ̀ Agbówà pé kó wá tan sítóòfù?

Ní oṣù kẹta ọdún náà, ohun kan bí Olóyè nínú. Káńsẹ́lọ̀ kan wá kí i, Olóyè sì ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún un. Nígbà tí Olóyè yóò fi dé ojú ewé kẹta, tó gbójú sókè, káńsẹ́lọ̀ ti lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì nígbà náà ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n lé ọkùnrin náà, wọ́n sì fi Tìmílẹ́hìn rọ́pò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Tìmílẹ́hìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti yege nínú iṣẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Aṣọ kákí tí wọ́n fún un, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́ láràárọ̀ títí ìlà rẹ̀ yóò fi dúró ṣánṣán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Olóyè kó gbogbo ilé jọ, ó gòkè sórí pèpéle, ó na ìka.

"Láti òní lọ, géètì yìí ti di géètì òfin. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé aláwọ̀ ewé, kó máa lọ. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ ni yóò ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, tí yóò fọwọ́ sí i kó tó jáde. N kò fẹ́ mọ̀ bóyá mínísítà ni. N kò fẹ́ mọ̀ bóyá ọba ni. Kódà bó jẹ́ èmi, Mojúbàolú, kí o dá mi dúró."

Tìmílẹ́hìn nawọ́. "Ẹ̀yin náà, sà?"

"Èmi gan-an."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàdírù nu omi lójú. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ẹni ńlá máa ń sọ ọ́ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún wọn, kò sì sẹ́ni tó ń retí kó ṣẹ. Ṣùgbọ́n Tìmílẹ́hìn kò mọ ètò yẹn. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún un, ó sì gbọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, jíìpù dé ẹnu géètì, géètì kò ṣí. Tìmílẹ́hìn wá kan gíláàsì iwájú. Bàdírù yí i sílẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, sà. Ẹ̀yin àti dírẹ́bà wà nínú ìwé. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò sí níbẹ̀. Ta ni alágbàtọ́ wọn?"

Bàdírù wo ẹ̀yìn. Ojú ìwé ìròyìn ti bo Olóyè. Bàdírù fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí ìwé tí Tìmílẹ́hìn nà sí i.

"Kí ni yẹn?" ni Olóyè bèèrè lẹ́yìn ìwé ìròyìn.

"Ìwé ọlá ni, sà. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ pé Alákòóso Àgbà jáde lónìí."

"Ó dára. Sọ fún wọn pé bírò pupa ni kí wọ́n máa fi kọ tèmi."

Bírò pupa ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́ látọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ Dùnsìn, nítorí tirẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ilé wọn wà ní Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Erékùṣù Èkó, kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde nílé. Dùnsìn ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé búrẹ́dì Alhaja Mùlíkátù ní àdúgbò Ágíríìkì ní Ìkòròdú níbẹ̀ láti fi kọ́ṣẹ́. Ìyẹ̀fun tí wọ́n bá pò, òun ló ń gé e tó ń gbé e sórí ìwọ̀n kó tó wọ agolo. Alhaja ti ń ṣe búrẹ́dì fún ọdún méjìdínlógún, kò sì tíì rí ọwọ́ tó dúró tó bẹ́ẹ̀.

Alhaja sọ fún Tíṣà Títí pé, "Ẹ má rò pé àánú ni mò ń ṣe o. Àwọn tó mọ̀wé tí mo gbà tẹ́lẹ̀, kálukú ń gé e bó ṣe wù ú, oníbàárà ń bú mi. Ti Dùnsìn, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Kó wá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀. Ẹ gbọ́, ọdún ń sún mọ́lé. Tí mi ò bá rí i ní Mọ́ńdè yẹn, mà á mú ẹlòmíì."

Láti ọjọ́ náà ni Dùnsìn ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò, tó ń tú u, tó tún ń ká a. Gbogbo ohun tó kù kò ju kí Olóyè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda.

Fọ́ọ̀mù wọlé lẹ́ẹ̀kíní, ó padà: wọ́n kọ Olóyè, wọn kò kọ Ọ̀mọ̀wé. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó padà: fọ́tò Dùnsìn ń rẹ́rìn-ín, kò fi ọ̀wọ̀ hàn. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, kò padà mọ́ rárá. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, tó ku ọjọ́ márùn-ún, Dùnsìn wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kẹwàá lórí páálí Tíṣà Títí ni: sọ ohun tí o fẹ́ fún ẹni tó jù ọ́ lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi. Mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè."

Olóyè yíjú sí Bàdírù. "Ó ń sọ̀rọ̀."

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà. Ọpẹ́lọpẹ́ yín."

"Ọmọ dáadáa. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Tíṣà Títí, sà."

Bàdírù wúkọ́. "Sọ pé Olóyè ló kọ́ ẹ."

"Olóyè ò kọ́ mi. Tíṣà Títí ni."

Ara Olóyè kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín ìyọ́nú. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ pa á lórí. Ó ní, "Ọmọ kékeré yìí, ẹni tó bá fẹ́ dá dúró láyé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó gbé e dúró. Ka oyè mi méjèèje fún mi, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ."

Dùnsìn bẹ̀rẹ̀. Ó ka márùn-ún. Ó dúró, ó ronú, ó tún ka márùn-ún náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó ku méjì," ni Olóyè wí. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó ju fọ́ọ̀mù sí i. "Tí a bá ṣọdún tuntun tán, o lè padà wá gbìyànjú."

"Alhaja ní Mọ́ńdè, sà."

"Alhaja kì í ṣe ọ̀gá mi."

Dùnsìn kò kúrò níbẹ̀. Ó wo dúrọ́ọ̀, ó wo Olóyè, ó wo Bàdírù. Ó wá bèèrè pé, "Kí ló kàn?" Olóyè ti dúrọ́ọ̀ pa. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, nítorí mo mọ̀ pé ọmọbìnrin náà kò ṣe àfojúdi. Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó ṣe é dé orí páálí tó kẹ́yìn, ó sì bá ẹni tó jókòó lé e.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń retí alábẹ̀wò ìjọba láti Ìkẹjà. Olóyè kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n kan ibùdókọ̀ onípákó sáàárín ọgbà, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa títì sórí koríko, kí Bàdírù àti kúùkù máa sáré kọjá lórí rẹ̀ bí ọkọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa sọdá láàárín wọn. Tíṣà Títí ní títì gidi wà níta géètì, ibẹ̀ ni àwọn ń lò. Olóyè ní ti ìta ní eruku. Ó ní kí wọ́n gbé sítóòfù mẹ́fà síta, kí àwọn ọmọ dúró tì í bí ẹni tó ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tàn án, nítorí pé èéfín lè ba aṣọ ìkélé tuntun jẹ́. Bàdírù ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti aráyé. Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tó sọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n fi pe alábẹ̀wò. Aago mẹ́jọ ló dé, nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ti ṣá, obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, Ìyáàfin Adéyọ̀sí. Tìmílẹ́hìn ní kó kọ orúkọ. Ó kọ ọ́. Ó wá rí ìwé kejì lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní ìwé alágbàtọ́, ó ṣí i, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Tìmílẹ́hìn, ó sì fi ogójì ìṣẹ́jú kà á. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò bi Tìmílẹ́hìn ní nǹkan, ìyẹn yóò sì dáhùn.

Nínú ọgbà, Olóyè ti wà lórí pèpéle pẹ̀lú ọ̀rọ̀ olójú ewé mẹ́rìndínlógún. Wọ́n kọrin oyè méje. Wọ́n sọdá koríko. Kúùkù gbá Bàdírù lulẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Olóyè wá dé ojú ewé kọkànlá, ó gbé ohùn sókè.

"Ohun tí n kò bá lè ṣe, n kò jẹ́ ní kí ọmọ mi ṣe é láé. Nínú ọgbà yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ dá dúró, kí ẹnikẹ́ni tó dá dúró."

Ìyáàfin Adéyọ̀sí nawọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ má bínú, sà. Orúkọ kan wà tí mo rí nínú ìwé alágbàtọ́, bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹni náà ò lè dá jáde rárá. Láti oṣù kẹta, ìgbà mẹ́rìndínláàádọ́sàn-án ni wọ́n ti fọwọ́ sí i fún un. Nínú gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, kò sẹ́ni tó nílò alágbàtọ́ tó o. Èwo nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ló ń jẹ́ Mojúbàolú?"

Bàdírù ń wo bàtà rẹ̀. Tìmílẹ́hìn ló dáhùn láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, mà. Alákòóso Àgbà ni. Wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá."

"Ìyẹn ò le," ni obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é báyìí, ká lè kọ orúkọ wọn."

Olóyè ìbá ti sọ pé inú ń run òun. Ìbá ti sọ pé òun ní ìpàdé. Ṣùgbọ́n ojú ewé kọkànlá ṣì ń gbóná lẹ́nu rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wò ó. Ó ní, "Ohun tọ́mọdé ń ṣe, mélòó ni tàgbà?" Ó sì sọ̀ kalẹ̀. Òfin ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti yege ló ń di páálí mú fún ẹni tó ń gbìyànjú. Tíṣà Títí gbé páálí lé Dùnsìn lọ́wọ́.

Wọ́n gbé sítóòfù kan wá. Dùnsìn ṣí páálí àkọ́kọ́, ó sì dúró.

Olóyè yí sítóòfù náà ká. "Swíṣì ẹ̀ dà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó mọ bó ṣe máa ń rí kí nǹkan rú èèyàn lójú kì í fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Olóyè ṣá ìṣáná, ó di í mú, ó ń retí kí sítóòfù wá gbà á. Ìṣáná jó dé ọwọ́, ó jù ú nù. Ó ṣá èkejì. Bàdírù sáré bọ́ síwájú láti gbà á.

"Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn," ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún wí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí òfin ni.

Dùnsìn rọra bèèrè pé, "Kí ló kàn, sà?"

"Ohun tó kàn ni kí wọ́n pe kúùkù."

Wọ́n gbé sítóòfù kúrò. Ìyáàfin Adéyọ̀sí ní kí wọ́n bọ́ sórí iṣẹ́ kẹfà. Dùnsìn kà á jáde látinú orí: "Ẹ ti sọnù lọ́nà, sà. Nọ́mbà ta lẹ máa pè? Ẹ kà á láìwo ibì kankan." Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ nọ́mbà kan sórí. Ọdún kan gbáko ni Dùnsìn fi há nọ́mbà ìyá rẹ̀ sórí, ó sì lè kà á lójú oorun báyìí.

"Bàdírù ló mọ nọ́mbà ìyàwó mi," ni Olóyè wí.

"Bàdírù ò sí níbẹ̀, sà. Ẹ ti sọnù."

Olóyè di ojú. Òógùn ti fa fìlà rẹ̀ mọ́ iwájú orí. "Òdo," ló wí. "Ẹ̀jọ. Òdo." Ó sì dúró síbẹ̀. Ìdajì Nàìjíríà ló ní nọ́mbà yẹn.

Nígbà tó ku iṣẹ́ sísọdá títì, Olóyè ní oòrùn ti mú òun. Obìnrin náà kò fipá mú un. Ó ní kí wọ́n kàn fi ọ́fíìsì han òun, ibẹ̀ ló sì ti fa dúrọ́ọ̀. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ti Dùnsìn ló wà lókè. Bébà àwọn kan ti pọ́n nítorí ọjọ́ ti pẹ́. Ènìyàn mẹ́wàá yòókù tí iṣẹ́ ti dúró dè rí, tí iṣẹ́ náà sì ti lọ, nítorí ọkùnrin kan tó fẹ́ àtẹ́wọ́ láàárọ̀. Ìyáàfin Adéyọ̀sí kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá pe Dùnsìn, ó bi í pé kí ló fẹ́.

"Mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, mà."

Ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Kò ní kó ka oyè kankan. Ó wá fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ mélòó kan sí i: kí Olóyè lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, kí jíìpù ìjọba máa bọ̀ ní Ìkẹjà pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ gbogbo. Olóyè ní kò ṣeé ṣe. Ó ní òun mọ ènìyàn. Ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Bàdírù gbé fóònù lé e, ọwọ́ náà sì wà lófìfo fún ìgbà pípẹ́.

Bàdírù ti wà níta. Ó ti sáré yí ọkọ̀ kékeré tó ti ṣá yẹn po, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti fọwọ́ bo etí òrùlé.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ìmọ́lẹ̀ Ìkẹjà."

"Ilẹ̀kùn yìí," ni Ìyáàfin Adéyọ̀sí wí, "mo mọ̀ ọ́n ṣí." Bàdírù tọrọ àforíjì, ó kó sínú jíìpù pẹ̀lú dírẹ́bà, ó gbé báàgì àti fóònù ọ̀gá àná sórí itan. Tíṣà Títí fọwọ́ sí ìwé alágbàtọ́ fún obìnrin náà lẹ́nu géètì, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ.

Báyìí ni Olóyè ṣe fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu géètì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Apá kan agbádá ti ṣí sílẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò ká a. Kò mọ̀ pé géètì náà ga tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣílẹ̀kùn," ló wí.

Tìmílẹ́hìn dìde, ó kí i dáadáa. Ó ṣí ìwé aláwọ̀ ewé, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Orúkọ yín ò sí níbẹ̀, sà. Alágbàtọ́ yín dà?"

"Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ ní kódà bó jẹ́ ẹ̀yin."

Olóyè wo ẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ jẹun. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i láti ojú fèrèsé, wọ́n sì rántí pé àwọn ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n èyí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó níbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí òrùlé.

Dùnsìn ló dé, pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀, ó ń lọ sí Lásùnwọ̀n. Tíṣà Títí sìn ín dé ìdajì ọ̀nà, ó sì padà, nítorí pé òun náà mọ òfin ara rẹ̀. Tìmílẹ́hìn rí orúkọ Dùnsìn nínú ìwé, ó fa géètì. Dùnsìn wo ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọn ò ní alágbàtọ́."

Dùnsìn ronú lé e. Kò yára. Nígbà tó ronú tán, ó gbé àpò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò.

Títì wà níwájú wọn, ọkọ̀ Ìkòròdú sì ń bẹ ní òdì kejì. Olóyè gbé ọwọ́ sókè, ó bọ́ sójú títì, ó ń retí kí mọ́tò dúró bó ṣe máa ń dúró fún jíìpù. Ọlọ́kadà kan yà á gẹ́rẹ́. "Baba, you wan die?" ló wí, ó sì lọ. Dùnsìn ti di apá agbádá rẹ̀ mú, ó ti fà á padà sórí koríko. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sì fà á sọdá. Ó dúró tì í, ó fi ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe dúró tì í lọ́jọ́ tirẹ̀.

"Kí ló kàn, sà?"

Ó pẹ́ kí Atọ́nà Gbogbo Gbòò tó yí orí sí òsì.

Dùnsìn wọṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sì ń ṣe é lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń gbé búrẹ́dì wá fún wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí àwọn tó kù níbẹ̀ sì ń dín kù lóṣooṣù. Ìwé alágbàtọ́ ṣì wà lórí tábìlì. Ojú ìlà kan wà níbẹ̀ tí ń da Tìmílẹ́hìn láàmú, nítorí kò fẹ́ràn iṣẹ́ àṣekù. Orúkọ ẹni tó jáde: Mojúbàolú. Kò sí àyè fún oyè níbẹ̀. Alágbàtọ́: Dùnsìn. Àkókò tó padà dé: òfìfo.

"Ẹni tó o mú jáde lọ́jọ́sí dà?" ni Tìmílẹ́hìn máa ń bi í.

Dùnsìn máa ń fún un lésì kan náà, bó ṣe rí gan-an. "Mo fi wọ́n sílẹ̀ ní Ágíríìkì. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì."